AFP ni ká wò ni, àbí PIVKA-II, àbí albumin? Ìfiwéra àwọn purotéènì tó ń sọ bí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ yóò ṣe rí

Ìwé àbájáde àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Wọ́n kọ AFP síbẹ̀, orúkọ purotéènì kan tí kókó jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n kọ 620 sí iwájú rẹ̀, wọ́n sì fi àmì sí i pé ó ti kọjá ààlà. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn ni pé: ó ku ìgbà wo? Ẹ jẹ́ kí n ti tètè sọ ọ́ pé kò sí purotéènì kan ṣoṣo tó lè dáhùn ìyẹn fún ẹnì kan pàtó. Ohun tí nọ́ńbà náà mọ̀ ni bí nǹkan ṣe rí fún ọ̀pọ̀ èèyàn tí ipò wọn jọ tiyín. Síbẹ̀, àwọn purotéènì yìí kì í sọ ohun kan náà. Òmíràn ń ròyìn kókó jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀, òmíràn ń ròyìn ẹ̀dọ̀ tí kókó náà wà nínú rẹ̀, òmíràn sì ń sọ bí gbogbo ara ṣe ń jà. Ẹni tí kò bá mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú wọn, kò lè mọ èwo ló yẹ kí òun gbọ́.

Jẹjẹrẹ tí mò ń sọ níbí ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ gan-an, tí àwọn dókítà ń pè ní HCC. Òun ló kó ìdá 75 sí 85 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀. Èyí tó ti ìfun tàbí ọmú wá tàn dé ẹ̀dọ̀ ní àwọn àmì tirẹ̀, ẹ má fi ohun tí mo kọ síbí wọ̀n ọ́n.

Ilé tó ti ń jò kí olè tó wọ ọ́

Ohun tó mú kí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ṣòro wò ju ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ yòókù lọ ni pé ẹ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ aláìsàn ti ń ṣàárẹ̀ tipẹ́ kí kókó tó yọ. Hẹpatáítìsì B tàbí C ti wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tàbí ọtí, tàbí ọ̀rá tó kún ẹ̀dọ̀, títí ẹ̀dọ̀ fi di àpá, tó sì le gbagidi. Nítorí náà, àìsàn méjì ló wà lára ẹnì kan ṣoṣo. Kókó lè kéré kí ẹ̀dọ̀ sì dẹnu iṣẹ́ kọlẹ̀, kókó sì lè tóbi nínú ẹ̀dọ̀ tó ṣì lágbára. Èyí ló fà á tí mi ò fi gbà pẹ̀lú ẹni tó bá ní AFP nìkan tó. Ìdajì ìtàn ló ń sọ.

Ohun kejì tó ń da èèyàn rú ni pé iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni purotéènì lè ṣe. Ó lè bá wa wá jẹjẹrẹ rí. Ó lè sọ bí ẹ̀mí aláìsàn yóò ṣe gùn tó, oògùn yòówù kó lò. Ó sì lè sọ irú oògùn tí yóò bá aláìsàn náà mu. Èyí tó mọ ọ̀kan ṣe lè má mọ èkejì rárá. Àpẹẹrẹ tó dára jù lọ ni ti VEGF àti Ang-2, purotéènì méjì tó ń mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ tuntun hù. Nígbà tí wọ́n padà yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tó kópa nínú ìwádìí SHARP, èyí tí wọ́n fi dán oògùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ tó ń jẹ́ sorafenib wò, wò, tí wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2012, wọ́n rí i pé àwọn méjèèjì sọ ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ yóò gùn àti ẹni tí tirẹ̀ kò ní gùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí sorafenib máa ṣe láǹfààní, wọn kò lè sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ oògùn yẹn gan-an ń dí ọ̀nà VEGF! Gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé purotéènì kan "dára," ẹ bi í pé ó dára fún kí ni.

AFP: àgbà nínú wọn

Ọmọ inú oyún ló ni AFP. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ àti àpò tó ń bọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún ló ń ṣe é, lẹ́yìn ìbí ó máa ń lọ sílẹ̀, tí yóò fi wà lábẹ́ nǹkan bí 10 ng/mL lára àgbàlagbà. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tó bá ti di jẹjẹrẹ ló máa ń padà sí ìwà ọmọ inú oyún yẹn. Ní 1963, Abelev àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Soviet Union rí i nínú eku tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Tatarinov rí i nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń lò ó, ibẹ̀ sì ni agbára rẹ̀ wà: láàbù tí kò lè ṣe é kò pọ̀, ìwádìí tí kò wọ̀n ọ́n náà kò pọ̀, nítorí náà nọ́ńbà yín ní ohun tí wọ́n lè fi í wé.

Ní ti ìwàláàyè, bó bá ṣe ń ga sí i ni ìròyìn ṣe ń burú sí i. Ààlà tí ẹ máa gbọ́ jù ni 400 ng/mL, lẹ́yìn rẹ̀ 1,000. Ibi tí ó ti hàn kedere jù ni ọ̀rọ̀ ìpààrọ̀ ẹ̀dọ̀. Nínú ìṣirò tí àwọn ará Faransé gbé jáde ní 2012, AFP tí kò ju 100 lọ kò gba máàkì kankan, èyí tó wà láàárín 100 sí 1,000 gba 2, èyí tó ju 1,000 lọ gba 3. Wọ́n á wá ro ti bí kókó ṣe tóbi tó àti iye rẹ̀ mọ́ ọn, ẹni tí àròpọ̀ rẹ̀ bá sì ti ju 2 lọ, ewu pé jẹjẹrẹ yóò padà wá lẹ́yìn ìpààrọ̀ pọ̀ fún un. Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: aláìsàn tó ní kókó kan ṣoṣo tí kò tó sẹ̀ǹtímítà 3, tí àwòrán rẹ̀ dára lójú gbogbo èèyàn, ti já sí ẹ̀gbẹ́ eléwu bí AFP rẹ̀ bá jẹ́ 1,200. Ní Amẹ́ríkà náà, ẹni tí AFP rẹ̀ bá ju 1,000 lọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìtọ́jú tí yóò fà á wálẹ̀ sábẹ́ 500 kí wọ́n tó fún un ní máàkì tó ń gbéni sókè lórí ìlà àwọn tó ń retí ẹ̀dọ̀.

AFP tún ṣe ohun kan tí àwọn yòókù kò tíì ṣe: ó bá wọn yan oògùn. Ìwádìí àkọ́kọ́ lórí oògùn tó ń jẹ́ ramucirumab (REACH, 2015) kò yọrí sí rere fún gbogbo aláìsàn lápapọ̀, ṣùgbọ́n ó jọ pé àwọn tí AFP wọn tó 400 rí àǹfààní. Wọ́n wá ṣe òmíràn, REACH-2, fún irú àwọn yẹn nìkan. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2019: ìdajì àwọn tó gba oògùn náà wà láàyè ju oṣù 8.5 lọ, ti àwọn tí kò gbà á jẹ́ oṣù 7.3. Àǹfààní yẹn kò pọ̀, kò yẹ ká fi ariwo bò ó, ṣùgbọ́n ó wà.

Ibi tí AFP kù sí? Nǹkan bí ìdá 30 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn ni AFP wọn kì í ga rárá. Lára wọn, AFP ò ní ohun tó lè sọ, ẹ má sì ka ìdákẹ́ rẹ̀ sí ìròyìn ayọ̀. Yàtọ̀ síyẹn, oyún máa ń gbé e sókè, kókó inú kóró ẹpọ̀n náà lè gbé e sókè, hẹpatáítìsì tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ru náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

PIVKA-II: èyí tó ń rí ohun tí àwòrán kò rí

Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe prothrombin, ọ̀kan lára àwọn purotéènì tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Fítámìn K ló ń bá a parí iṣẹ́ náà. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kì í parí rẹ̀ dáadáa, ó máa ń tú èyí tí kò pé dà sínú ẹ̀jẹ̀, èyí ni PIVKA-II, tí àwọn mìíràn ń pè ní DCP. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ kéde pé ó ga lára àwọn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Àwọn ará Japan ló gbà á mọ́ra jù, ààlà tí wọ́n ń lò níbẹ̀ sì ni 40 mAU/mL.

Kí ló dé tí mo fi ń fi í ṣe ẹnì kejì AFP gan-an? Nítorí pé PIVKA-II tó ga máa ń bá jẹjẹrẹ tó ti ń yọ́ wọ inú òpó ẹ̀jẹ̀ rìn, yálà òpó ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti ìfun wá sí ẹ̀dọ̀, tàbí àwọn òpó tíntìntín tí ó jẹ́ pé maikirosíkóòpù nìkan ló lè fi wọ́n hàn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé kókó jáde. Wíwọ òpó tíntìntín yìí wà lára ohun tó ń mú kí jẹjẹrẹ padà wá jù lọ, àwòrán kì í sì fi bẹ́ẹ̀ rí i kí iṣẹ́ abẹ tó wáyé. Ẹni tó bá ń ro iṣẹ́ abẹ ló nílò ìròyìn yìí jù.

Ṣùgbọ́n ó ní ìkùnà kan tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbójú fò. Ká ní aláìsàn kan ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, nítorí ọkàn rẹ̀. Iṣẹ́ warfarin ni kó dí fítámìn K lọ́wọ́, nítorí náà PIVKA-II rẹ̀ máa fò sókè láìjẹ́ pé jẹjẹrẹ ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tí ọ̀nà òróòro rẹ̀ dí, tí ojú àti ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n, nítorí láìsí òróòro fítámìn K kì í wọ ara. Ẹni tó ti lo oògùn apakòkòrò fún ìgbà pípẹ́ wà nínú ẹgbẹ́ yìí náà. Tí wọn kò bá béèrè gbogbo oògùn tí ẹ ń lò kí wọ́n tó ka nọ́ńbà yìí fún yín, ẹ sọ ọ́ fúnra yín.

Ẹ wo wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, èmi ti fi albumin àti CRP tí mo máa dé láìpẹ́ kún un:

| | AFP | PIVKA-II | Albumin | CRP |
|---|---|---|---|---|
| Ta ló ń sọ̀rọ̀? | Kókó | Kókó | Ẹ̀dọ̀ | Ara tó ń gbóná |
| Èwo ló burú? | Kó ga | Kó ga | Kó lọ sílẹ̀ | Kó ga |
| Kí ló lè tàn wá? | Oyún, hẹpatáítìsì tó ru | Warfarin, àìtó fítámìn K | Àìjẹunkánú, kíndìnrín tó ń jò | Àkóràn èyíkéyìí |
| Ó máa ń fi ìdajì dín láàárín | nǹkan bí ọjọ́ 5 sí 7 | nǹkan bí wákàtí 40 sí 72 | nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 | nǹkan bí wákàtí 19 |

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí lójú lọ. Bí wọ́n bá gé kókó kúrò pátápátá, PIVKA-II yẹ kó ti wálẹ̀ gan-an láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. AFP máa ń fà díẹ̀. Ẹni tí AFP rẹ̀ wà ní 800 kí wọ́n tó gé e, tó jẹ́ 400 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kò sí ohun tó burú níbẹ̀ rárá, ó ń bọ̀ wálẹ̀ bó ṣe yẹ ni.

Tí ẹ bá ní kí n yàn láàárín méjèèjì: kí iṣẹ́ abẹ tó wáyé, mo máa kọ́kọ́ ka PIVKA-II, fún ìpààrọ̀ ẹ̀dọ̀ àti yíyan oògùn, AFP ni, torí pé òun ni wọ́n fi kọ àwọn òfin ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n ń ga pọ̀ lára ẹnì kan náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bo àléébù ara wọn. Ẹni tí méjèèjì bá sì ga lára rẹ̀ wà nínú ewu ju ẹni tí ọ̀kan péré ga lára rẹ̀ lọ.

AFP-L3 ńkọ́? AFP náà ni, ṣùgbọ́n èyí tí ṣúgà ara rẹ̀ mú kó máa lẹ̀ mọ́ purotéènì kan láti inú ẹ̀wà lentil (lẹ́tà L yẹn dúró fún un). Ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún AFP ló jẹ́ ni wọ́n máa ń kọ, kì í ṣe iye rẹ̀. Tó bá ti tó 10, kókó tó ń yára dàgbà ni wọ́n ń fura sí. Nígbà tí AFP bá kéré gan-an, kò rọrùn láti wọ̀n ọ́n dáadáa. Mo kà á sí àfikún, kì í ṣe ohun tí ẹ máa tìtorí rẹ̀ rin ìrìn àjò.

Albumin: èyí tí gbogbo èèyàn ń fojú fò

Ó wà lórí ìwé yín tẹ́lẹ̀. Wọ́n wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣàyẹ̀wò ẹ̀dọ̀, kò sí ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ torí orúkọ rẹ̀ kò dẹ́rù bani. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀dọ̀ nìkan ló ń ṣe é, tí agbára ẹ̀dọ̀ bá ń dín, òun náà á máa dín.

Ní 2015, Philip Johnson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìṣirò kan jáde tó ń jẹ́ ALBI. Ohun méjì péré ló ń lò, albumin àti bilirubin, ohun tó ń mú ojú pọ́n. Ẹ mú log10 bilirubin (ní µmol/L), ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 0.66, ẹ mú albumin (ní g/L), ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 0.085, ẹ yọ èkejì kúrò nínú àkọ́kọ́. Bí ohun tó kù bá jẹ́ −2.60 tàbí tó kéré sí i, ìpele 1 ni, ẹ̀dọ̀ ṣì dúró dáadáa. Tó bá ju ìyẹn lọ títí dé −1.39, ìpele 2. Tó bá tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìpele 3.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Aláìsàn kìíní: albumin 44, bilirubin 10. Log10 ti 10 ni 1, ìlọ́po rẹ̀ 0.66, 44 lọ́nà 0.085 jẹ́ 3.74. Èsì: −3.08, ìpele 1. Aláìsàn kejì: albumin 36, bilirubin 30. Log10 ti 30 tó nǹkan bí 1.48, ìlọ́po rẹ̀ 0.98, 36 lọ́nà 0.085 jẹ́ 3.06. Èsì: −2.08, ìpele 2. Lórí Child-Pugh, òṣùwọ̀n àtijọ́ tí wọ́n fi ń mọ bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ sí, tí kò bá sí omi nínú ikùn, tí ọpọlọ já geere, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń dì bó ṣe yẹ, àwọn méjèèjì máa gba A5, ipò tó dára jù lọ. Child-Pugh kò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn. ALBI rí i, ìyàtọ̀ yẹn sì máa ń hàn nínú bí àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì ṣe ń pẹ́ láyé sí.

Òun nìyí tí mo fi ń sọ pé tí ẹ bá máa fi ohun kan kún AFP láìgba ẹ̀jẹ̀ míràn, ALBI ni kí ẹ ṣírò. Kí ẹ kàn rántí pé àìsàn kíndìnrín, àìjẹunkánú àti àkóràn ń fa albumin wálẹ̀, omi albumin tí wọ́n bá sì fà sí aláìsàn lára lánàá máa gbé e sókè lóní láìjẹ́ pé ẹ̀dọ̀ ṣe iṣẹ́ kankan.

Àwọn ará Japan ti pa gbogbo wọn pọ̀ láti 2006 nínú ìṣirò BALAD: bilirubin, albumin, AFP-L3, AFP, DCP. Èmi fẹ́ràn èrò inú rẹ̀, ẹ̀dọ̀ àti kókó jọ sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ má ṣì í mú fún GALAD o. Orúkọ wọn jọra, ṣùgbọ́n wíwá jẹjẹrẹ rí ni iṣẹ́ GALAD.

CRP, fún ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ oògùn tó ń jí ọmọ ogun ara dìde

CRP máa ń ga nígbàkígbà tí ara bá ń bá nǹkan jà. Ní 2022 ni wọ́n gbé òṣùwọ̀n CRAFITY jáde, tó fi í pọ̀ mọ́ AFP: máàkì kan tí AFP bá tó 100 ng/mL, máàkì kan tí CRP bá tó 1 mg/dL. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín àwọn tó ń gba irú oògùn yìí, ìdajì àwọn tí kò ní máàkì kankan lo ju oṣù 27.6 lọ, ti àwọn tó ní ọ̀kan jẹ́ oṣù 11.3, ti àwọn tó ní méjèèjì jẹ́ 6.4. Ìyàtọ̀ yẹn pọ̀ gan-an fún ohun tó rọrùn tó báyìí. Ṣùgbọ́n ikọ́ lásán, eyín tó ń ro, ọgbẹ́ tó ń ṣọyún, gbogbo wọn ló ń gbé CRP sókè. Ẹni tí ara rẹ̀ gbóná lọ́jọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n tún un gbà.

Àwọn tí a ní láti gé ẹran ara kí a tó rí

Àwọn purotéènì kan wà tó jẹ́ pé ẹran ara ni wọ́n ti ń wá wọn, kì í ṣe inú ẹ̀jẹ̀. Dókítà máa ń fi àwọ̀ kun ẹran ara tí wọ́n gé, a sì fi maikirosíkóòpù wò ó. Èyí tí mo gbà pé ó wúlò jù fún ọ̀rọ̀ ìwàláàyè ni CK19. Bí ó bá hàn lára ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, jẹjẹrẹ tó máa ń tètè padà wá ni. Ki-67 ń fi hàn bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń yára pín sí. Glypican-3 wúlò jù láti fi mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni kókó jẹ́ lóòótọ́, pàápàá pẹ̀lú HSP70 àti glutamine synthetase. Ó ń bá ìròyìn burúkú rìn náà, àmọ́ mi ò ní tìtorí ìyẹn nìkan gé ẹnikẹ́ni lára. Abẹ́rẹ́ kì í mú ju ege bíńtín lọ, apá ibòmíràn nínú kókó kan náà sì lè yàtọ̀ pátápátá. Ní ti PD-L1, purotéènì tí jẹjẹrẹ fi ń sá fún ọmọ ogun ara, wọn kì í béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn atezolizumab (ọ̀kan lára àwọn tó ń jí ọmọ ogun ara dìde) pẹ̀lú bevacizumab fún jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀.

Osteopontin, DKK1, Ang-2 àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ṣì wà lọ́wọ́ àwọn olùwádìí. Kò sí ààlà kan tí gbogbo láàbù gbà fún wọn, nítorí náà nọ́ńbà tí ẹ bá gbà kò ní ohun tí ẹ lè fi í wé.

Kí wá ni kí ẹ béèrè?

Iṣẹ́ abẹ ló ń bọ̀: PIVKA-II, AFP, ALBI, ká wọ̀n wọ́n lọ́jọ́ kan náà, lẹ́yìn náà CK19 lára ohun tí wọ́n gé jáde. Oògùn tó ń jí ọmọ ogun ara dìde ni: AFP, CRP, ALBI ṣáájú, ká sì tún AFP wọ̀n ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Lára àwọn tó ń gba atezolizumab pẹ̀lú bevacizumab, tí AFP wọn ti ga tẹ́lẹ̀, àwọn tí tiwọn já wálẹ̀ tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sábà máa ń jẹ́ àwọn tí oògùn ń ṣiṣẹ́ lára wọn. Fún ẹni tí ìtọ́jú ti parí fún, purotéènì tó ga tẹ́lẹ̀ ni kí wọ́n máa tẹ̀ lé. Ẹni tí AFP rẹ̀ kò ga rí, tí wọ́n sì ń fi AFP nìkan ṣọ́, wọn kò ṣọ́ ọ dáadáa.

Ohun kan tún wà tó máa ń ba ìfiwéra jẹ́, kò sì jẹ́ mọ́ àìsàn rárá: òṣùwọ̀n tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà. Láàbù kan ń kọ AFP ní ng/mL, òmíràn ń kọ ọ́ ní IU/mL, bẹ́ẹ̀ 1 IU/mL tó nǹkan bí 1.21 ng/mL. Ẹni tó rí 340 IU/mL, tó sì rò pé òun ò tíì dé 400, ti dé 411. Albumin 3.6 g/dL ni 36 g/L, bilirubin 1 mg/dL ni nǹkan bí 17 µmol/L. Tí ẹ bá fi èyí tí kò yẹ sínú ALBI, ìpele tí kò sí láyé ni yóò jáde. Láàbù kan náà ni kí ẹ máa lò bí ó bá ṣeé ṣe. Bí ẹ bá ní láti yí i padà, ẹ mú ìwé àtijọ́ dání, kí ẹ sì fi ìka sí lẹ́tà tó wà lẹ́yìn nọ́ńbà kí dókítà tó kà á.